Ta Ló Fa Ẹsẹ̀ Yìí? Ìtàn Bí Ìtọ́jú Pàjáwìrì Ṣe Dé Orí Òkè

Ní sáà tó kọjá, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá lọ wo Òkè Ìdànrè. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Gígùn rẹ̀ kò dà wá láàmú. Ìgbà tí à ń sọ̀kalẹ̀ ni wàhálà dé. Ọ̀kan nínú wa yọ̀, ó ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú lójú wa níbẹ̀. A pọ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹnì kan ní ẹsẹ̀ náà kàn yẹ̀ ni, ó bá dì í mú, ó fà á. Ẹnì kejì ń da omi inú ọ̀rá sí i. Ẹnì kẹta ti mú Aboniki jáde nínú báàgì, ó sì ń fi ra á kíkankíkan. Nígbẹ̀yìn, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbà á pọ̀n lọ́wọ́ ara wọn títí a fi dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, tí wọ́n sì ya fọ́tò eegun náà, wọ́n ní ó ti kán. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni pé: "Ta ló fa ẹsẹ̀ yìí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ẹlẹgbẹ́ wa ti ń rìn dáadáa báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn wa. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa náà bá wo ẹ̀yìn. A fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa níbi tó jìnnà sí ilé ìwòsàn. A rí i pé ìtàn náà kọjá ìtàn oògùn àti báńdéèjì. Ìtàn ìmọ̀ ni: bó ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, tó sì dé ọwọ́ ẹni tó wà nítòsí. Kó tó ṣí ẹsẹ̀ kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ jìyà àìsí rẹ̀.

Ìdílé kan ní erékùṣù Anglesey

Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ìdílé ni títo eegun. Baba ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi ìka wá ibi tí eegun ti kán lábẹ́ awọ, á tò ó, á fi pẹlẹbẹ ọparun àti aṣọ dì í. Àwọn kan á tilẹ̀ kán ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni wọ́n á tú ìdè ènìyàn. Títí dòní, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ tó kán lọ.

Ilẹ̀ Wales náà ní irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ní erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Anglesey. Ìtàn ìdílé náà sọ pé ní nǹkan bí 1745, ọkọ̀ kan rì sínú òkun nítòsí erékùṣù náà, ọmọdékùnrin kan sì yè é. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè tó ń sọ. Àwọn ará ibẹ̀ gbà á tọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Evan Thomas. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, wọ́n rí i pé ó mọ eegun ẹran í tò. Nígbà tó yá, ó ń to ti ènìyàn. Iṣẹ́ náà kò kúrò nínú ìran rẹ̀ mọ́.

Nínú ìran náà ni wọ́n ti bí Hugh Owen Thomas ní 1834. Bàbá rẹ̀ ń to eegun ní ìlú Liverpool láìní ìwé-ẹ̀rí kankan, àwọn dókítà kò sì fojúure wò ó. Ohun tí bàbá náà ṣe ni pé ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Hugh di dókítà, àmọ́ kò gbàgbé ohun tó bá nílé. Ní ọjọọjọ́ Àìkú, ó máa ń tọ́jú àwọn tálákà Liverpool lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ló ṣe irin kan tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ dòní. Irin náà ní òrùka kan tó ń jókòó sí òkè itan, àti ọ̀pá méjì tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá àtẹ́lẹsẹ̀. Bí wọ́n bá so ẹsẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ irin náà, tí wọ́n rọra fà á títí yóò fi gún régé, eegun itan tó kán kò ní máa gún ẹran inú itan mọ́. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ó kú ní 1891, kí irin náà tó gba iyì.

Kíláàsì Woolwich

Láàárín àkókò yẹn kan náà, ohun mìíràn ń lọ ní Yúróòpù. Ní 1859, oníṣòwò kan láti Geneva, Henri Dunant, bá ara rẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti ja ogun Solferino nílẹ̀ Ítálì. Ó rí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun tó fara pa tí kò sẹ́ni tó ń bójú tó wọn. Òun àti àwọn obìnrin ìlú Castiglione ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lómi, tí wọ́n ń di ọgbẹ́ wọn. Inú ìyẹn ni Red Cross ti jáde ní 1863. Nílẹ̀ Jámánì, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Friedrich von Esmarch ń kọ́ àwọn tí kì í ṣe dókítà bí wọ́n ṣe lè fi aṣọ onígun mẹ́ta di ọgbẹ́ tàbí kí wọ́n fi gbé apá kọ́ ọrùn.

Ní Ìlú Ọba, wọ́n dá ẹgbẹ́ St John Ambulance sílẹ̀ ní 1877. Ní oṣù kìíní ọdún 1878, dókítà ológun kan tó ń jẹ́ Peter Shepherd bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aráàlú ní Woolwich. Láti ibẹ̀ ni irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn tó ń wa èédú. Shepherd fúnra rẹ̀ kò rí bí iṣẹ́ náà ṣe gbilẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1879, ọdún kan péré lẹ́yìn kíláàsì náà, ó kú ní Isandlwana nígbà tí àwọn ọmọ ogun Zulu ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ ìwé tó kọ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló so ìtàn méjèèjì yìí pọ̀. Ọta ìbọn ń fọ́ eegun itan àwọn ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kú lójú ọ̀nà, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń gbé wọn lọ ni eegun náà ń gún ẹran, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú itan. Robert Jones, tó jẹ́ ìbátan Hugh Owen Thomas tó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbé irin náà dé ojú ogun. Wọ́n kọ́ àwọn tó ń gbé aláìsàn bí wọ́n ṣe ń fi irin náà di ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn dé ibi tí wọ́n ti lè ṣe é pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bò wọ́n lójú, nítorí pé òru ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń kú nítorí eegun itan dín kù gidigidi. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó ń dì í kì í ṣe dókítà. Ìmọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan ní erékùṣù ti dé ọwọ́ ọmọ ogun lásán.

Pátákó ìtọ́ka ọ̀nà

Bí ogun ṣe parí, ìmọ̀ náà kò tíì dé orí òkè. Àwọn ará Manchester àti àwọn ìlú tó yí i ká ti sọ òkè gígùn di eré ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Rucksack Club ti wà láti 1902. Ní 1928, ọ̀kan nínú wọn, Edgar Pryor, já bọ́ ní àpáta Laddow, eegun itan rẹ̀ sì kán. Kò sí sítírẹ́ṣà tí wọ́n lè fi gbé e. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ hú pátákó ìtọ́ka ọ̀nà kan, wọ́n fi irin inú àpò ẹ̀yìn wọn kún un, wọ́n tẹ́ ẹ lé e, wọ́n sì gbé e gba inú ẹrẹ̀ àti òkúta kọjá fún wákàtí púpọ̀. Kò sí oògùn tó lè dín ìrora rẹ̀ kù.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Manchester, Wilson Hey ló wà nídìí iṣẹ́ abẹ. Òun náà jẹ́ ẹni tó ń gun òkè. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Pryor. Hey sì sọ ọ́ gbangba pé ìyà tó jẹ ọkùnrin náà lójú ọ̀nà ba ẹsẹ̀ yẹn jẹ́ ju jíjábọ́ tó já bọ́ lọ. Ẹ rántí pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá tí ogun ti parí, gbogbo oníṣẹ́ abẹ ló sì ti mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún eegun itan. Ìmọ̀ wà nínú ilé ìwòsàn, ẹni tó nílò rẹ̀ wà lórí òkè.

Rucksack Club àti ẹgbẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Fell and Rock Climbing Club wá para pọ̀ láti wá sítírẹ́ṣà tó bá òkè mu. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Eustace Thomas ló ṣe èyí tí wọ́n mú. Thomas yìí kì í ṣe ẹbí Hugh Owen Thomas. Orúkọ ló papọ̀. Sítírẹ́ṣà rẹ̀ ní igi méjì lábẹ́ tí wọ́n lè fi wọ́ ọ lórí koríko àti òkúta, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣeé fà gùn. Ní àwọn ọdún 1930 sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó sítírẹ́ṣà yìí, irin Hugh Owen Thomas àti báńdéèjì sí àwọn ilé oko, òtẹ́ẹ̀lì àti àgọ́ ọlọ́pàá tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbé e.

Dókítà tó rú òfin

Ohun kan ṣì kù: ìrora. Mọ́fíìnì ni oògùn tó lè pa á, àmọ́ òfin oògùn olóró ní Ìlú Ọba kò fàyè gba ẹni tí kì í ṣe dókítà láti ní in lọ́wọ́. Hey bẹ ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń gbani là lórí òkè ní díẹ̀ nípamọ́. Ìjọba kọ̀. Ó bá fi owó ara rẹ̀ ra oògùn náà, ó sì ń pín in fún àwọn ibùdó ìgbàlà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kò fi ṣe nǹkan ìkọ̀kọ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní kó wá ṣe ìṣirò oògùn tó ti fún àwọn ènìyàn, ó kọ̀. Ní 1949, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì bu owó ìtanràn £10 fún un. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ní Manchester, dúró níwájú adájọ́ bí ẹni tó jalè. Ṣùgbọ́n ariwo ẹjọ́ náà ṣe ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe: ìjọba gbà kí àwọn ibùdó ìgbàlà orí òkè máa ní mọ́fíìnì. Títí di òní, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ náà ní England àti Wales, tí wọ́n ti kọ́ ọ tí wọ́n sì ti yege nínú ìdánwò, lè fún ẹni tó fara pa ní oògùn náà. Hey kú ní 1956.

Nínú wa, àwọn kan sọ pé òfin ni òfin, àti pé oògùn olóró kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín káàkiri. Bí a bá wo ohun tí oògùn ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìgboro wa, ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Àmọ́ ẹ̀rù tí ìjọba ń bà nígbà náà kì í ṣe ti oògùn nìkan. Ẹ̀rù pé kí ẹni tí kì í ṣe dókítà má ṣe ohun tí dókítà ń ṣe wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, irú ẹ̀rù tó mú kí wọ́n máa fojú burúkú wo bàbá Hugh Owen Thomas. Ìdáhùn Hey ni pé kí wọ́n kọ́ wọn, kì í ṣe pé kí wọ́n dí wọn lọ́wọ́.

Páànù kan ní Vermont

Ní Amẹ́ríkà, irú ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ló ṣí ọ̀nà. Ní oṣù kìíní ọdún 1936, Charles Minot Dole ṣubú nígbà tó ń yọ̀ lórí yìnyín ní Stowe, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Frank Edson wá ìrànwọ́ kiri, páànù òrùlé kan ni wọ́n sì rí fi wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Edson fúnra rẹ̀ fara pa nínú ìdíje kan lórí yìnyín, ó sì kú. Dole kò gbàgbé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1938, ó dá National Ski Patrol sílẹ̀, kí àwọn tó ti kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lè máa wà lórí òkè yìnyín níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣeré.

Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti ń gbòòrò. Ní 1965, Paul Petzoldt dá ilé ẹ̀kọ́ NOLS sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Wyoming láti máa kọ́ àwọn olórí tó ń kó ènìyàn lọ sínú igbó àti orí òkè. Ní 1967, ìwé Medicine for Mountaineering jáde fún àwọn tí kì í ṣe dókítà. Ní àwọn ọdún 1970, ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ SOLO bẹ̀rẹ̀ ní New Hampshire, tó jẹ́ pé ìtọ́jú níbi tó jìnnà sí ìlú gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Lónìí, kíláàsì kékeré irú ẹ̀kọ́ yìí ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjì. Èyí tó ga jù ú lọ lè gba ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ìgboro? Ní ìgboro, iṣẹ́ rẹ ni láti mú kí ẹni náà wà láàyè títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn yóò fi dé. Lórí òkè, ọkọ̀ lè má dé láéláé. Nítorí náà, wọ́n ń kọ́ ènìyàn pé kó kọ́kọ́ dúró, kó wò ó bóyá ibi tó fẹ́ gbà lọ kò ní gbé òun náà ṣubú. Kó wo mímí àti ẹ̀jẹ̀ kó tó wo eegun. Kó yẹ gbogbo ara wò, torí ibi tó ń ké kọ́ ló ń pani nígbà mìíràn. Kó fi ohun tó wà lọ́wọ́ di eegun, ìbáà jẹ́ igi, bẹ́líìtì tàbí aṣọ òtútù, kó sì fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kó tó dì í àti lẹ́yìn tó bá dì í, kó mọ̀ bóyá ó ṣì gbóná. Kó má jẹ́ kí òtútù mú ẹni náà. Lẹ́yìn náà ni kó wá pinnu: ṣé ó lè rìn, ṣé ká gbé e, àbí ká dúró kí ẹnì kan lọ pe ìrànwọ́?

Ibẹ̀ la ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè dókítà yẹn. Fífa ẹsẹ̀ gan-an kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Irin Hugh Owen Thomas ń fa ẹsẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí là. Nínú kíláàsì orí òkè, wọ́n ń kọ́ni pé ìgbà mìíràn wà tí wọ́n lè rọra tọ́ ẹsẹ̀ tó wọ́, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọmọ ìka mọ́. Àmọ́ ẹni tó ń fà á gbọ́dọ̀ mọ eegun tó ń fà, ìdí tó fi ń fà á, àti ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ẹni tó fa ẹsẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ní Ìdànrè kò mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti Òkè Kamẹrúùnù dé ọgbà wa

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní 1951, nígbà tí apá kan Kamẹrúùnù ṣì wà lábẹ́ ìjọba kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà, Alec Dickson bẹ̀rẹ̀ ibùdó ẹ̀kọ́ kan ní Man O' War Bay nítòsí Victoria, tí wọ́n ń pè ní Limbe báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ ìwà olórí àti iṣẹ́ ìlú, gígun Òkè Kamẹrúùnù tó ga ju mítà 4,000 lọ sì wà lára ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí apá ibẹ̀ dìbò ní 1961 pé Kamẹrúùnù ni àwọn yóò bá lọ, ibùdó náà ṣí wá sí Nàìjíríà. Ilé ẹ̀kọ́ orí òkè rẹ̀ wà ní Shere Hills nítòsí Jos, ti ojú omi wà ní Apápá. Orúkọ etí òkun yẹn ni Man O' War tí gbogbo wa mọ̀ nínú ọgbà fásitì àti ní àgọ́ NYSC ń jẹ́. Red Cross Nàìjíríà náà ti ní òfin tirẹ̀ láti 1960, wọ́n sì wà nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ohun èlò ẹ̀kọ́ wà nítòsí wa, nígbà náà. Àwa ni a kì í lọ béèrè. A mọ Man O' War sí orin ìdárayá òwúrọ̀ àti okùn gígùn. A mọ Red Cross sí àwọn tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lọ́jọ́ eré ìdárayá. A ń ya owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sọ́tọ̀ kí a tó rin ìrìn-àjò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé bí ẹnì kan bá ṣubú ńkọ́.

Ẹgbẹ́ wa ti pinnu nǹkan mẹ́ta. Kí a tó tún gun òkè kankan, ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta nínú wa yóò ti lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ Red Cross inú ọgbà. A ó máa gbé báńdéèjì, aṣọ onígun mẹ́ta àti pẹlẹbẹ igi méjì dání. A ó sì ti mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ kí ọkọ̀ wa tó gbéra. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ sì mọ iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá kọ́ wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Dókítà yẹn béèrè, a dákẹ́. Ẹni tó fa ẹsẹ̀ náà wà lára àwa tó kọ àròkọ yìí. Ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà.